Èsì àyẹ̀wò ojú ọmọ mi dárúkọ RPE65: kí ni iṣẹ́ jíìnì yìí nínú ojú?

Bàbá Àdùkẹ́ (Òṣogbo) béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé àti ti ìdálẹ̀ tí ẹ máa ń dáhùn ìbéèrè níbí. Òṣogbo ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Ọ̀rọ̀ ojú ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún ni mo gbé wá. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù ka àlàyé mi, nítorí ìwé èsì tó wà lọ́wọ́ mi kò yé mi tó bó ṣe yẹ kó yé bàbá ọmọ.

Láti ìgbà tí Àdùkẹ́ ti wà ní ọmọ oṣù mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ ti kíyè sí i pé ẹyinjú rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó máa ń gbọ̀n síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ojú ẹni tó ń wá nǹkan. Bí a bá gbé e dání, ara gílóòbù ló máa ń tẹjú mọ́, kì í wo ojú wa. Ìyá mi ní ọmọ tó fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ ni, a sì rẹ́rìn-ín sí i. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ni ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ní ọ̀sán gangan, ó lè sáré káàkiri àgbàlá láìkọlu nǹkankan, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tàbí tí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, ibi tó bá wà ni yóò dúró sí, yóò na ọwọ́ méjèèjì síwájú, yóò sì máa pe ìyá rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún nígbà ọdún Ọ̀ṣun tó kọjá, mo gbé e lé èjìká kó lè rí i dáadáa. Kò gbé ojú kúrò lára iná náà rárá, àmọ́ ìyá mi tó dúró níwájú wa, tó na ọwọ́ láti gbà á, kò rí i. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbà pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ọ̀rọ̀ awò ojú.

Ibi mẹ́ta la ti gbé e lọ. Níbi àkọ́kọ́, oògùn tí wọ́n ń kán sójú ni wọ́n fún wa. Níbi kejì, awò ojú tí ọmọ náà kọ̀ láti lò. Dókítà ojú tó wà níbi kẹta ló fara balẹ̀ wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀, tó sọ pé rẹ́tínà ni wàhálà wà, tó sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun fún àyẹ̀wò jíìnì. Èsì náà dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí dókítà ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún wa nìyí: nínú jíìnì kan tó ń jẹ́ RPE65, wọ́n rí ìyípadà méjì. Àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ń fa àìsàn ojú. Èkejì, wọ́n kọ ọ́ pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò tíì dájú. Èrò pọ̀ lẹ́yìn wa lọ́jọ́ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ni wọ́n ní ká padà wá, mi ò sì lè dúró di ìgbà náà kí n tó mọ ohun tí mò ń bá jà.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni iṣẹ́ tí jíìnì yìí ń ṣe gan-an, àti ìdí tó fi jẹ́ pé alẹ́ ni ìyà náà pọ̀ jù. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ló ń sọ pé kí a fún ọmọ ní epo pupa, kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀dọ̀ màlúù, ìyàwó mi sì ti ra kápúsù fítámínì A wálé. Ṣé yóò ràn án lọ́wọ́? Èmi àti ìyàwó mi ń ríran kedere, kò sì sí afọ́jú nínú ìdílé wa méjèèjì; báwo ni àìsàn ìdílé ṣe wá di ti ọmọ wa? Èyí ká mi lára púpọ̀ nítorí pé oyún oṣù mẹ́ta wà nínú ìyàwó mi báyìí. Mo sì gbọ́ pé ìtọ́jú kan wà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Alàgbà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun dáhùn:

Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá Àdùkẹ́. Ọlọ́run yóò la ojú ọmọ wa. Èmi kì í ṣe dókítà, àgbà tó ti pẹ́ láyé ni mo jẹ́, ohun tí mo fi ojú rí ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwọn ọmọ kan máa ń wà ládùúgbò tí wọn kì í ríran bí oòrùn bá ti wọ̀. Àwọn ìyá wa kì í gbé wọn lọ síbì kankan. Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n máa ń sè fún wọn, tí wọ́n á bu epo pupa tó dára lé e lórí, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé ọmọ náà á ti máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré òṣùpá. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ojú tẹ́ńbẹ́lú epo pupa nítorí pé ìwé ti òkè òkun wá. Kápúsù tí ìyàwó yín rà náà kò burú lójú tèmi, fítámínì kan náà ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọwọ́ ayé ló wà nínú rẹ̀.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì dáhùn:

Alàgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí ẹ rí lọ́mọdé, àwọn onísáyẹ́ǹsì pàápàá kò jiyàn rẹ̀. Àmọ́ àìsàn tí ẹ̀dọ̀ àti epo pupa wò sàn nígbà náà àti èyí tó wà lára Àdùkẹ́ jọra ní ìta nìkan; inú wọn yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà jíjìn díẹ̀ kó lè yé wa, nítorí pé bí iṣẹ́ tí jíìnì yìí ń ṣe bá ti yé Bàbá Àdùkẹ́, ìdajì ìbéèrè rẹ̀ yóò dáhùn ara rẹ̀.

Rẹ́tínà ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn ẹyinjú nínú lọ́hùn-ún. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń gba ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀: kóònù, tí a fi ń ríran lọ́sàn-án tí a sì fi ń mọ àwọ̀, àti rọ́ọ̀dù, tí a fi ń ríran nínú òkùnkùn. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, purotéènì kan máa ń di nǹkan kékeré kan mú, èyí tí ara ṣe láti inú fítámínì A, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ rẹ́tínáàlì. Rẹ́tínáàlì yìí gùn bí ẹ̀wọ̀n, ó sì tẹ̀ kọdọrọ níbì kan. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, ibi tó tẹ̀ náà á nà gbọnrangandan, purotéènì tó dì í mú á yí ìrísí padà, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ tí ojú ń jẹ́ fún ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe nínú gbogbo ètò ìríran nìyẹn: ó ń na ohun tó tẹ̀. Ìwádìí lórí ipa tí fítámínì A ń kó nínú ìríran wà lára ohun tó mú kí George Wald ti Amẹ́ríkà gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1967.

Ẹ jẹ́ ká pe rẹ́tínáàlì tó tẹ̀ ní pàkúté tí a ti dẹ sílẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ jẹ́ eku. Bí eku bá ti fẹsẹ̀ kàn án, pàkúté ré. Pàkúté tó ti ré kò lè mú eku kejì, àfi kí ẹnìkan tún un dẹ. Ojú wa kì í sì í dẹ pàkúté síbi tó ti ré. Rẹ́tínáàlì tó ti nà á jáde kúrò nínú rọ́ọ̀dù, á kọjá sínú ìpele sẹ́ẹ̀lì kan tó wà lẹ́yìn rẹ́tínà, tí ó dúdú bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró. Orúkọ ìpele dúdú yìí ní èdè sáyẹ́ǹsì ni lẹ́tà R, P àti E dúró fún. Ìwọ̀n purotéènì tí ara ń fi jíìnì yìí ṣe ni 65 dúró fún, ìyẹn bí ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin dálítọ̀n, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ohun tó kéré bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1993 ṣe sọ ọ́ lórúkọ, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Nínú ìpele dúdú yìí, ẹ́ńsáìmù kan (purotéènì tó ń yí ohun kan padà di òmíràn nínú ara) tó ń jẹ́ LRAT á kọ́kọ́ so fítámínì A tó ti nà náà mọ́ ọ̀rá. Lẹ́yìn náà ni RPE65 á dé. Ẹ́ńsáìmù ni òun náà, irin wà láàárín rẹ̀ gẹ́lẹ́, iṣẹ́ méjì ló sì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń já ọ̀rá náà kúrò, ó sì ń fi agbára tó ti ibẹ̀ jáde tẹ ohun tó ti nà. Bí ó ṣe ń tún pàkúté dẹ nìyẹn. Ẹ́ńsáìmù mìíràn, RDH5, á parí iṣẹ́ náà, a ó sì dá rẹ́tínáàlì padà sínú rọ́ọ̀dù. Ọdún 2005 ni àwọn láàbù mẹ́ta ní Amẹ́ríkà tó fi hàn pé RPE65 fúnra rẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù tó ń tẹ̀ ẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn kan rò pé ohun tó kàn ń di fítámínì A náà mú lásán ni. Ọdún méjìlá gbáko ni wọ́n fi mọ orúkọ rẹ̀ láìmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Wàyí o, bí RPE65 kò bá ṣiṣẹ́, gbogbo pàkúté yóò ré, kò ní sí ẹni tí yóò tún wọn dẹ. Rọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀, ìdí nìyẹn tí òkùnkùn fi ń di ọ̀tá ọmọ náà. Kóònù máa ń rọ́gbọ́n ta díẹ̀ fún ìgbà kan, pàápàá bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, ìdí tí ó fi lè sáré lọ́sàn-án. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kúndùn ìmọ́lẹ̀ nítorí pé inú rẹ̀ nìkan ni ojú wọn ti ń rí nǹkan mú.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí epo pupa. Fítámínì A ni igi àti okùn tí a fi ń ṣe pàkúté. Àwọn ọmọ tí Alàgbà rí nígbà náà kò ní igi, wọn kò ní okùn. Ẹni tó ń dẹ pàkúté wà níbẹ̀, ó jókòó, ó ń retí. Bí ẹ̀dọ̀ àti epo ṣe dé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ti Àdùkẹ́ yàtọ̀. Igi àti okùn kún ilé fọ́fọ́. Nínú eku gidi tí wọ́n mú RPE65 kúrò lára wọn ní láàbù, fítámínì A tí a so mọ́ ọ̀rá kóra jọ sínú ìpele dúdú náà, torí pé kò sí ẹni tí yóò lò ó. Bí a bá tún da fítámínì A sí i, ẹrù lórí ẹrù ni.

Èyí ló mú mi sọ ohun tí mo rò pé ó jẹ́ kánjúkánjú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ẹ gbé kápúsù náà kúrò nílé. Epo pupa inú ọbẹ̀ kò léwu, kí gbogbo ilé máa jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Àmọ́ fítámínì A inú kápúsù ti di èyí tó pọ̀ lójú kan, inú ẹ̀dọ̀ ló ń kó jọ sí, ó sì lè ba ọmọ inú jẹ́ ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ oyún. Oyún oṣù mẹ́ta ni ẹ sọ pé ìyàwó yín ní. Kí òun má ṣe tọ́ ọ wò, kí ẹ má sì fún ọmọ, àfi bí dókítà bá pàṣẹ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ojú dáhùn:

Olùkọ́ ti ṣe iṣẹ́ wọn. Mi ò ní ohun tí n ó fi kún ọ̀rọ̀ pàkúté. Ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́, ọ̀rọ̀ ìdílé àti ọ̀rọ̀ ìwé èsì yẹn ni mo fẹ́ dá sí.

Bàbá Àdùkẹ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ jínótáìpù tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí máa ń béèrè kí wọ́n tó so yìgì. Ẹni tó jẹ́ AS kò ṣàìsàn, ó lè gbé gbogbo ayé rẹ̀ láìmọ̀. Bí AS bá fẹ́ AS ni SS fi lè yọjú. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ RPE65 rí ní ọ̀pọ̀ jù lọ ìdílé tó kàn. Orí kúrómósómù kìíní ni jíìnì náà wà, olúkúlùkù wa sì ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹ̀dà kan tó dára tó fún iṣẹ́ ojú. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin ní ẹ̀dà kan tó ní àléébù, kí ìyàwó yín náà ní ọ̀kan, kí ẹ̀yin méjèèjì sì máa ríran bí àṣá. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí afọ́jú nínú ìdílé. Ẹni tó bá wá ń nàka sí ìyá ọmọ nìkan, tàbí tó ń sọ pé ìran kan ló gbé e wá, kò mọ ohun tó ń sọ. Ó gba ẹni méjì.

Àwọn kan ń rò pé tọkọtaya tó bá ara wọn tan nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé yín ni ìyípadà méjì tó yàtọ̀ síra, èyí sì bá ìdílé tí bàbá àti ìyá kò ti jẹ́ ìbátan mu. Ibi tí pákó ti jẹrà lára ilẹ̀kùn kan lè yàtọ̀ sí ibi tó ti jẹrà lára èkejì, síbẹ̀ ilẹ̀kùn méjèèjì kò ní ṣeé tì.

Ibí yìí gan-an ni mo ti fẹ́ kí ẹ ṣe sùúrù. Ìwé yẹn kò tíì parí ẹjọ́. Ó sọ pé ìyípadà méjì wà, kò sọ bóyá inú ẹ̀dà kan náà ni méjèèjì wà tàbí pé ọ̀kan wà nínú ẹ̀dà kan, tí èkejì wà nínú ẹ̀dà kejì. Bí méjèèjì bá wà nínú ẹ̀dà kan ṣoṣo, ẹ̀dà kejì dára, a jẹ́ pé a ní láti wá okùnfà ojú Àdùkẹ́ síbòmíràn. Jíìnì tó lè fa irú àìsàn yìí, èyí tí Theodor Leber ti Jámánì kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní ọdún 1869, lé ní ogún. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ rọrùn: kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín àti ti ìyàwó yín. Bí ìyípadà kan bá wà lára yín tí èkejì sì wà lára ìyàwó yín, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú.

Ti gbólóhùn pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò tíì dájú, ẹ má ṣe kà á sí èsì tó dára, ẹ má sì kà á sí èyí tó burú. Ohun tí láàbù ń sọ ni pé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ wọn kò tó láti dájọ́. Gbólóhùn yìí sì wọ́pọ̀ nínú èsì àwa ènìyàn dúdú, nítorí pé jíìnì àwọn ará Yúróòpù ló pọ̀ jù nínú àkójọ tí àwọn láàbù fi ń ṣe ìfiwéra. Ohun tó lè jẹ́ àtọwọ́dọ́wọ́ tí kò ṣe nǹkankan nílẹ̀ wa máa ń dà bí àjèjì lójú wọn. Ojú ọmọ náà fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá wọ́n lè ya àwòrán ẹ̀yìn ojú rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ búlúù. Ní ojú tó dára, ìpele dúdú náà máa ń tàn yanran nínú àwòrán bẹ́ẹ̀ nítorí ìdọ̀tí kékeré tí iṣẹ́ dídẹ pàkúté ń fi sílẹ̀. Ojú tí RPE65 kò ti ṣiṣẹ́ kì í tàn bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó tàn fírífírí, torí pé níbi tí a kò ti ṣiṣẹ́, a kì í rí èérún. Àwòrán yìí pẹ̀lú àyẹ̀wò tó ń wọn iná mànàmáná rẹ́tínà lè ran láàbù lọ́wọ́ láti tún ìyípadà kejì náà yẹ̀ wò.

Ní ti oyún: bí ẹ̀yin méjèèjì bá ní ẹ̀dà aláàbùkù kọ̀ọ̀kan, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti rí bíi ti Àdùkẹ́, ìdá mẹ́ta pé ọmọ náà yóò ríran. Ti Àdùkẹ́ kò ní kí ìdá náà dín kù tàbí kó pọ̀ sí i.

Bàbá Àdùkẹ́ fèsì:

Olùkọ́, Nọ́ọ̀sì, Alàgbà, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka ìdáhùn yín sókè fún ìyàwó mi. Nígbà tí mo dé ibi tí Nọ́ọ̀sì ti ní ó gba ẹni méjì, ó ní kí n tún un kà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn kan nínú ẹbí tèmi ti ń sọ̀rọ̀ sí i lábẹ́lẹ̀. A ti gbé kápúsù náà kúrò nílé. Ó dúpẹ́ pé òun kò tíì jẹ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ló kù. Ẹnìkan sọ fún mi pé fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń gún sínú ojú. Ẹ̀rù bà mí láti gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Aláró Nílẹ̀ Òkèèrè dáhùn:

Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ ìwádìí jíìnì ni mò ń ṣe ní Amẹ́ríkà báyìí, kì í ṣe ti ojú gangan, àmọ́ kò sí ẹni tó wà nínú iṣẹ́ wa tí kò mọ ìtàn RPE65.

Òótọ́ ni pé fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n lò, AAV, kì í fa àìsàn kankan tí a mọ̀ fún ènìyàn. Wọ́n kó ohun tó wà nínú rẹ̀ dà nù, wọ́n sì fi ẹ̀dà RPE65 tó péye sí i, bí ìgbà tí a bá kó ẹrù ẹlòmíràn kúrò nínú ọkọ̀ tí a sì kó tiwa sí i. Oríire ni pé RPE65 kéré tó láti wọ inú ọkọ̀ náà. Àwọn jíìnì ojú mìíràn wà tí kò lè wọ̀ ọ́. Oríire kejì ni pé nínú àìsàn yìí, sẹ́ẹ̀lì rẹ́tínà kì í tètè kú tán. Wọ́n lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìríṣẹ́ ṣe.

Ajá ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Ìran ajá kan wà tí wọ́n ń pè ní Briard, tí àwọn kan nínú wọn kì í ríran lálẹ́ nítorí pé lẹ́tà mẹ́rin dín nínú àwọn lẹ́tà tí a fi kọ jíìnì RPE65 wọn. Ní ọdún 2001, àwọn olùwádìí kéde pé ajá mẹ́ta nínú irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ríran lẹ́yìn ìtọ́jú; Lancelot lorúkọ èyí tó lókìkí jù. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà kéde ìtọ́jú àwọn ènìyàn àkọ́kọ́. Jean Bennett àti Albert Maguire, tí wọ́n jẹ́ tọkọtaya, wà lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà ní Philadelphia.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ọ̀nà tí wọ́n gbà dán an wò nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Wọn kò kàn ní kí àwọn ènìyàn ka lẹ́tà lára ògiri. Wọ́n la ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ sílẹ̀ nínú yàrá, wọ́n fi ìdènà sí i, wọ́n ní kí wọ́n rìn ín já, wọ́n sì ń dín ìmọ́lẹ̀ kù títí tó fi kéré bí iná kékeré tí a ń tàn sùn. Ènìyàn 31 ló forúkọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, 13 nínú àwọn 20 tó gba ìtọ́jú rìn ín já nínú ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù náà. Nínú àwọn tí kò tíì gbà á, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó lè ṣe é. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún náà ni FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i. Luxturna lorúkọ tí wọ́n fi ń tà á. Yúróòpù fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá 2018.

Àmọ́ n kò ní tàn yín, sà. Iṣẹ́ abẹ ni, kì í ṣe abẹ́rẹ́ apá. Dókítà á wọ inú ẹyinjú, á sì fún omi oògùn tí kò tó ìlàjì mílílítà sí abẹ́ rẹ́tínà. Ojú kejì á tẹ̀ lé e ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́fà sí i. Ó léwu tirẹ̀: rẹ́tínà lè ya, ìfúnpá inú ojú lè ga sókè, ojú lè di oníkatarákìtì. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú kò lè jí. Nínú ìwádìí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ìríran àwọn kan sunwọ̀n fún bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ti àwọn mìíràn níbòmíràn ṣì dúró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Iye tí wọ́n dá lé e nígbà tó jáde sì ni $425,000 fún ojú kan, $850,000 fún méjèèjì. Ilé ìwòsàn díẹ̀ tí wọ́n kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ wọn ní pàtó ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ìdí tí mo fi sọ iye owó náà ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá bá yín pé òun ní i lọ́fíìsì kan nítòsí fún ìwọ̀nba náírà. Ìdí tí mo fi sọ ìyókù ni pé ohun tí Nọ́ọ̀sì ní kí ẹ ṣe kì í ṣe iṣẹ́ òfo. Kò sí ibi tí wọ́n ti máa gba ọmọ fún ìtọ́jú yìí, bóyá ti owó ni tàbí ti ìwádìí ọ̀fẹ́, láìjẹ́ pé ó ti dájú pé ẹ̀dà méjèèjì ló bàjẹ́, àti pé sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ṣì tó. Bí ó bá ṣe tètè dájú sí ni ó dára sí.

Alàgbà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun fèsì:

Mo ti gbọ́. Mo kó ọ̀rọ̀ kápúsù mi padà pátápátá. Ti epo pupa, Olùkọ́ fúnra wọn ti gbà pé kó dúró nínú ọbẹ̀, ibẹ̀ náà ni kí a fi í sí.

Nọ́ọ̀sì Ojú fèsì:

Ẹ ṣeun, Alàgbà wa. Bàbá Àdùkẹ́, kí ọjọ́ tí dókítà dá tó pé, ẹ lọ bá olùkọ́ ọmọ náà ní ilé ìwé. Kí wọ́n gbé e sí iwájú, lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Nílé, ẹ gbé iná alágbára tí a ń gba sí bátìrì sí ọ̀nà yàrá àti ilé ìwẹ̀, kí òkùnkùn má máa bá a lójijì bí wọ́n bá mú iná lọ. Ẹ má sì máa gbé àga kiri.

Bàbá Àdùkẹ́ fèsì:

Mo pe ilé ìwòsàn lónìí, wọ́n ti gbà kí èmi àti ìyàwó mi wá fún ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ àwòrán oníná búlúù náà sínú ìwé, kí n má baà gbàgbé béèrè. Olùkọ́ rẹ̀ ti gbé ìjókòó rẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé láti àná. Ìyá mi ń béèrè bóyá kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tòun náà. Ó ti múra tán láti bá wa lọ.

Nọ́ọ̀sì Ojú fèsì:

Ẹ bá mi kí màmá. Kò tíì kan tiwọn. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì tó fún ìgbà yìí. Ẹ mú ìwé èsì Àdùkẹ́ dání lọ, kí láàbù lè mọ ìyípadà méjì tí wọ́n fẹ́ wá.